Ẹni Tí Kò Sùn Kò Gbọdọ̀ Mú Abẹ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lọ́kàn wa tí ó ń dùn wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́.

Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá 2025, tí ó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọmọ kéú wa àtijọ́ kan wá kí wa ní ilé wa ní Ọjà-Ọba. Ọwọ́ wa ni ó ti ka Al-Kùránì parí kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó ti di dókítà, ó sì wà lẹ́nu kíkọ́ iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ńlá kan tí a kò ní dárúkọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé ìwòsàn kan ṣoṣo. Ó lóṣòó kí wa, ó jókòó lórí ẹní, ìyàwó wa sì gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ẹran Iléyá síwájú rẹ̀. Ó bu òkèlè kan. Kí ó tó bu ìkejì, oorun ti gbé e lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú àwo.

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àgbà kan ní, "Dókítà gidi nìyẹn! Iṣẹ́ ńlá ni ó ń ṣe." Òmíràn ní bí ọmọ bá fẹ́ ṣe oríire, bẹ́ẹ̀ ni í ṣe é rí. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ náà jí, ojú tì í. Ó ní, "Ẹ má bínú, Áfáà wa. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo ti wà níbi iṣẹ́. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ yìí ni wọ́n tó dá mi sílẹ̀." Ìrun Yídì pàápàá kò bá a níta. Ó ní láàárín ọjọ́ méjèèjì, àwọn ti la ikùn ènìyàn mẹ́rin, àwọn sì ti gé ẹsẹ̀ ẹnìkan. A bi í pé wákàtí mélòó ni ó fi sùn. Ó rò ó díẹ̀, ó ní bóyá mẹ́ta, lórí àga.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwa náà kò rí oorun sùn. Ohun tí ó ń yí lọ́kàn wa ni pé: ta ni ẹni kẹrin tí wọ́n la ikùn rẹ̀? Ìyá ta ni? Ọmọ ta ni? Bí ó bá ṣe pé ìyá tiwa ni ó dùbúlẹ̀ sórí tábìlì náà, ṣé a ó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀?

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Oorun oníṣẹ́ abẹ kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ojú àánú tí ọ̀gá ṣe fún un. Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni. Ẹni tí ó bá fi oorun du dókítà, aláìsàn ni ó rẹ́ jẹ.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE RÍ

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ọ̀nà tí ọmọ ń gbà kí ó tó di oníṣẹ́ abẹ. Yóò kọ́kọ́ lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, bí ìdáṣẹ́sílẹ̀ kò bá sọ ọ́ di mẹ́jọ. Yóò ṣe iṣẹ́ háósì fún ọdún kan, yóò sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ abẹ gan-an, tí yóò gbà tó ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìdánwò lórí ìdánwò. Àwọn wọ̀nyí ni à ń pè ní rẹ́sídẹ́ǹtì. Ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, èjìká wọn ni ẹrù wà. Àwọn ni ó ń gba aláìsàn lóru, àwọn ni ó ń sáré ẹ̀jẹ̀ kiri, àwọn ni ó ń ran ọ̀gá lọ́wọ́ ní tíátà, àwọn náà ni yóò tún tú egbò wò nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Bí wọ́n bá ní ẹnìkan wà lórí kọ́ọ̀lù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò ní lọ sílé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀sán tí ó tẹ̀ lé e kò ní tìtorí èyí yẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ háósì ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Èkó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, ó ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀, ó sì kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé wákàtí 72 ni ó ti fi wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó lọ sílé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ẹgbẹ́ àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì tún kéde ikú dókítà mìíràn ní Port Harcourt, wọ́n ní òun náà ti fi wákàtí 72 wà lórí kọ́ọ̀lù ní ẹ̀ka pàjáwìrì. A kì í ṣe dókítà, a kò sì lè dúró ní Ìlọrin kí a máa sọ ohun tí ó pa ènìyàn ní Èkó. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí wákàtí 72 jẹ́. Ọ̀sán mẹ́ta àti òru mẹ́ta ni. Ẹni tí ó ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì lè ṣubú ní mọ́ṣáláṣí, nítorí àárẹ̀ kì í bi ènìyàn ní ẹ̀sìn rẹ̀.

Kí ni ó fà á tí ó fi le tó báyìí? Àwọn tí ó ń ru ẹrù náà ti dínkù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tí ó lé ní 16,000 ni ó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Ó ní àwọn tí ó kù kò tó mẹ́rin fún ènìyàn 10,000. Bí ènìyàn márùn-ún bá ń ru igi, tí mẹ́ta sá lọ nínú wọn, igi kò ní tìtorí èyí fúyẹ́. Orí àwọn méjì tí ó kù ni yóò wà, títí àwọn náà yóò fi wá ọ̀nà sá lọ tàbí tí igi yóò fi pa wọ́n.

ÀÁRẸ̀ TÍ OORUN ALẸ́ KAN KÒ LÈ WÒ

Àárẹ̀ pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ni èyí tí àgbẹ̀ ń ní bí ó bá ti oko dé. Bí ó bá wẹ̀, tí ó jẹun, tí ó sì sùn, ilẹ̀ yóò mọ́ bá a pẹ̀lú okun. Èkejì ni kí iṣẹ́ mu ènìyàn gbẹ bí ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mu odò gbẹ. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ìyọnu ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ni ó ń fa èyí, wọ́n sì ka àmì mẹ́ta fún un.

Àmì kìíní ni kí okun tán pátápátá. Èkejì ni kí ọkàn ènìyàn kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀, kí ó máa wò ó bí ọ̀tá. Níbi iṣẹ́ abẹ, èyí ni ó máa ń jẹ́ kí aláìsàn má ní orúkọ mọ́ lẹ́nu dókítà. Yóò di "ikùn tí ó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà." Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ bi dókítà ní ìbéèrè, ó dá yín lóhùn bí ẹni tí ń lé adìẹ. Ẹ ní agbéraga ni. Àwọn agbéraga wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń bú bẹ́ẹ̀, odò inú wọn ni ó ti gbẹ. Àmì kẹta ni kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé gbogbo ohun tí òun ń ṣe kò já mọ́ nǹkan kan. Oníṣẹ́ abẹ sì ní tirẹ̀ tí ó yàtọ̀. Bí olùkọ́ bá ṣe àṣìṣe, yóò fi ṣọ́ọ̀kì mìíràn kọ ọ́. Bí aláìsàn bá kú lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ, ọwọ́ tirẹ̀ ni ó rí, yóò sì gbé e lọ sílé. Kí ó tó sunkún tán, wọ́n ti pè é pé òmíràn ti dé.

Ẹ má ṣe pè é ní wèrè. Ẹ má sì pè é ní àìní ìgbàgbọ́. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, omi ni à ń fún un, a kì í wáàsí fún un.

ÀWỌN TÍ Ó Ń JIYÀN

A ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ojúde, ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti nínú ọjà, a sì ti gbọ́ àwáwí mẹ́rin tí wọ́n máa ń ṣe.

Èkíní ni ti àwọn àgbà dókítà tí ó ń wí pé, "Àwa náà là á já." Ìtàn iṣẹ́ náà fi hàn pé William Halsted ni ó dá ètò yìí sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó ṣí ní ọdún 1889. Ó fẹ́ kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ abẹ máa gbé inú ilé ìwòsàn tọ̀sán-tòru, ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní rẹ́sídẹ́ǹtì, àwọn tí ń gbé inú ilé. Ọ̀gá ni Halsted nínú iṣẹ́ abẹ, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n kokéènì ti di bárakú fún un láti ọdún 1884 tí ó ti ń fi ara rẹ̀ dán an wò fún ìpara-lóorun, mọfíìnì sì tún kún un títí ó fi kú. Ṣé irú ara ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n ara àwọn ọmọ wa?

Àwa olùkọ́ kéú náà mọ àwáwí yìí dáadáa. Wọ́n fi pàṣán nà wá ní kékeré, wọ́n so ṣẹkẹṣẹkẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àwọn kan nínú wa. Nígbà tí àwa náà di olùkọ́, a mú pàṣán, a ní òun ni ó sọ wá di ènìyàn. Ó gbà wá ní ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó mọ̀ pé ẹnu àwọn olùkọ́ wa ni ìmọ̀ tí a ní ti jáde, kì í ṣe ẹnu pàṣán. Ẹ̀yin àgbà oníṣẹ́ abẹ, ohun tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ, ẹ má kọ́ wọn ní ìyà tí ẹ jẹ.

Èkejì ni ti àwọn tí ń wí pé, "Sùúrù ni ẹ̀sìn, kí wọ́n ní ìfaradà." Èyí dùn wá ju èyí tí ó kù lọ, nítorí pé ẹnu àwọn áfáà bíi tiwa ni ó ti ń jáde. Ṣé a ti gbàgbé Sàlmáánù àti Abú Dáríḍáì ni? Abú Dáríḍáì ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń fi gbogbo òru kírun. Sàlmáánù dá a dúró, ó ní kí ó sùn, ó sì rán an létí pé Ọlọ́hun ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà sì ní tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ànábì (s.a.w.), ẹ̀yìn Sàlmáánù ni ó gbè sí. Ṣé a ti gbàgbé okùn tí Sayyidat Zaynab so mọ́ òpó méjì nínú mọ́ṣáláṣí, tí ó fi ń gbé ara dúró bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́ lórí ìrun? Ànábì ní kí wọ́n tú u. Bí a bá tú okùn fún ẹni tí ń kírun, ta ni ó so okùn mọ́ ẹni tí ó mú abẹ lọ́wọ́?

Ẹ tún wo ti adájọ́. Ànábì (s.a.w.) kọ̀ fún adájọ́ láti dá ẹjọ́ láàárín ènìyàn méjì nígbà tí inú bá ń bí i. Àwọn onímọ̀ fíkíhì wá fi ojú inú wò ó, wọ́n rí i pé kì í ṣe ìbínú nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Ebi tí ó le, òùngbẹ, oorun tí ń kun ènìyàn, ohunkóhun tí ó bá lè gba làákàyè lọ́wọ́ adájọ́, wọ́n kà á mọ́ ọn. Ẹjọ́ tí adájọ́ bá sì dá sódì, a lè pè é lẹ́jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́la. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí a bá gé ní àṣìṣe kò ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ẹ̀kẹta ni àwáwí tí ó lágbára jù: "Bí dókítà bá lọ sùn, ta ni yóò tọ́jú aláìsàn? Yóò kú." A kò fi ọwọ́ yẹ̀pẹ̀rẹ́ mú èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa. Bí a bá wọ mọ́tò Kano ní gáráàjì Máràbà, tí a gbọ́ pé dẹ́rẹ́bà kò tíì sùn láti ọjọ́ méjì, ṣé a ó jókòó? Gbogbo wa ni yóò bọ́ sílẹ̀, a ó sì gba owó wa padà. Ní ọdún 1997, Drew Dawson àti Kathryn Reid ní Ọsirélíà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá wà lójúfò fún wákàtí 24, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa ju ti ẹni tí ọtí ti dé ìwọ̀n 0.10 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n yìí ga ju èyí tí òfin Amẹ́ríkà fi ń mú awakọ̀ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, bí a bá rí dókítà tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ fún ọtí ní ẹnu ọ̀nà tíátà, igbe ni a ó ké títí yóò fi dé Ààfin. Bí oorun bá wá ń mú un ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, a ó ní akíkanjú ni!

Ní oṣù kẹta ọdún 1984, ọmọbìnrin ọdún 18 kan, Libby Zion, kú ní ilé ìwòsàn ní New York. Àwọn dókítà tí ó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, ni ó tọ́jú rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà. Bàbá rẹ̀ kò gbà pé àmúwá Ọlọ́hun ni kí a sì dákẹ́. Ó pariwo títí ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òfin ní ọdún 1989 pé rẹ́sídẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ ju wákàtí 80 lọ́sẹ̀, tàbí wákàtí 24 lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 2003, gbogbo Amẹ́ríkà gba wákàtí 80 náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 48 lọ́sẹ̀ ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù sọ ọ́ dà fún àwọn dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ ní ọdún 2009. Ẹnìkan lè sọ fún wa pé ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 2016, fi hàn pé bí wọ́n ṣe dẹ òfin náà díẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ abẹ kò pa àwọn aláìsàn lára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: àwọn tí wọ́n dẹ òfin fún pàápàá, wákàtí 80 lọ́sẹ̀ kò kúrò lọ́rùn wọn. Àwọn ń jiyàn lórí bí a ṣe lè pín 80. Àwa kò tíì ka tiwa.

A gbà pé ohun tí ó bá di kàn-ńpá ní ìdáǹdè nínú ẹ̀sìn. Bí mọ́tò bá dojú dé lọ́nà, tí wọ́n kó ènìyàn ogún dé lẹ́ẹ̀kan náà, kí dókítà tí ó fẹ́ lọ sùn padà, Ọlọ́hun yóò san án fún un. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ náà ni ó sọ pé ìwọ̀n kàn-ńpá ni a fi ń wọn ìdáǹdè rẹ̀. Pàjáwìrì tí a ti kọ sínú ìwé ètò iṣẹ́ láti oṣù tí ó kọjá, tí ó sì ń padà wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. Àìṣètò ni. Ìtàn àwọn dókítà ayé àtijọ́ sì fi yé wa pé ní ilé ìwòsàn Àdúdì ní Bàgídádì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọ̀sán méjì àti òru méjì ni iṣẹ́ dókítà Jibríìlù ti ìdílé Bukhtishu nínú ọ̀sẹ̀. Wọ́n mọ bí a ti ń pín in nígbà náà.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n ní, "Owó ni àwọn dókítà yìí ń wá, ẹ kò rí bí wọ́n ti ń daṣẹ́ sílẹ̀?" Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù méjì ní ọdún 2021, wọ́n tún ṣe é ní ọdún 2023, wọ́n sì tún ṣe é ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. A kò yìn wọ́n, nítorí tálákà ni ó ń kú sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ohun tí wọ́n ń bèèrè, kì í ṣe owó nìkan. Kí wákàtí iṣẹ́ dínkù wà níbẹ̀. Kí a fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tí ó bá lọ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bínú sí èéfín, kí ó lọ wo ibi tí iná wà.

Ẹ̀BI TIWA

Bí a bá na ìka kan sí ìjọba àti ọ̀gá ilé ìwòsàn, ìka mẹ́ta ń tọ́ka sí àwa náà. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ara wa.

Ọmọ ìyá wa kan ní ìpá, ìfun máa ń yọ wá sí abẹ́ ikùn rẹ̀. Ọdún méje ni ó fi ń rù ú kiri. A fún un ní àgbo, a sìn ín ní gbẹ́rẹ́, a kọ háńtú fún un mu. Dókítà kan ti sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni, tí a lè ṣe ní ọ̀sán kí ó sì tètè padà sílé. Ó ní òun yóò rí i nígbà tí ọjà bá dára. Ní òru ọjọ́ kan, ìfun náà há, kò padà mọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Aago méjì òru ni a gbé e dé ilé ìwòsàn. Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán kan wá di kí wọ́n la ikùn, kí wọ́n gé ìfun tí ó ti kú, kí wọ́n sì rán èyí tí ó kù pọ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan jáde sí wa, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní kí a wá ẹ̀jẹ̀. Àwa, olùkọ́ kéú, tí a ń kọ́ ọmọ ní ìwà, a bú u. A ní ṣé ó fẹ́ pa ọmọ ìyá wa ni. Kò dá wa lóhùn. Ó jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń kọ orúkọ oògùn tí a ó rà. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí ọmọ ìyá wa sí láti ọwọ́ ẹni tí a bú. A kò rí i kí a tọrọ àforíjì títí di òní.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: àwa ni a sọ iṣẹ́ ọ̀sán di iṣẹ́ òru. Bí ìdá kan nínú àwọn tí ń dé lóru bá tètè wá ní ọ̀sán, oorun dókítà ì bá tún pọ̀ díẹ̀ sí i. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn kò bú dókítà nìkan, wọ́n gbé ọwọ́ sókè lù ú nítorí pé ènìyàn wọn kú. Àwọn òbí wà tí wọ́n fi ipá ti ọmọ sí iṣẹ́ ìṣègùn kí wọ́n lè máa jẹ́ "Bàbá Dókítà." Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ yóò sì wá sinmi sílé, wọn yóò ti pe gbogbo àdúgbò jọ kí ó wá wò wọ́n. Ilé di ilé ìwòsàn kejì!

OHUN TÍ A Ń FẸ́

A ń sọ fún àwọn alákòóso ilé ìwòsàn pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé e, pé ẹni tí ó bá ti fi wákàtí 24 wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọ tíátà mọ́ títí yóò fi sùn. Kí yàrá tí wọ́n ń sùn sí ní bẹ́ẹ̀dì, kí ó ní omi. A ń sọ fún ìjọba pé kí wọ́n fi ènìyàn rọ́pò ẹni tí ó bá lọ láìfi falẹ̀. A ń sọ fún àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ pé bí aláìsàn bá kú lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, kí wọ́n jókòó tì í ní ọjọ́ náà, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ bí bàbá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀yin ìdílé, ẹ gbé aláìsàn lọ ní kùtùkùtù. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di eré sísá lóru. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀jẹ̀ yín ṣì lágbára, ẹ kó ara yín jọ láti mọ́ṣáláṣí àdúgbò yín, kí ẹ lọ fi í tọrẹ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Ẹ̀yin lèmọ́ọ̀mù, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa àmánà lórí mínbárì ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ fi èyí kún un. Ní ìlú wa yìí, Ilé Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1980 ni a ń sá lọ bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá agbára wa, láti Ọjà-Ọba títí dé ìgbèríko. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò ní dùbúlẹ̀ sórí tábìlì yẹn láéláé.

Ọmọ kéú wa yìí ti ń ka ìwé ìdánwò tí wọ́n fi ń gba dókítà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó fẹ́ máa lọ ní ọjọ́ Iléyá náà, ó bi wá pé, "Áfáà wa, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá lọ?" A kò rí èsì fún un. Ọgbọ̀n ọdún ni a ti fi ń kọ́ ọmọ ní fíkíhì, ṣùgbọ́n a kò rí èsì. A kò lè sọ fún un pé kí ó dúró kí ó kú, a kò sì lè sọ fún un pé kí ó lọ kí ìyá ẹlòmíràn kú. Ohun tí a sọ ni pé kí ó wọ yàrá lọ sùn ná. A ti ilẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn ń dé, ẹnìkan ní ẹ̀yìn ń dun òun, ẹnìkan gbé ọmọ tí ó ń wúkọ́ wá. Àwa jókòó sí ẹnu ọ̀nà, a ń sọ fún wọn pé, "Dókítà ń sùn." Àwọn kan bínú lọ. Ó sùn láti Ásárì títí di Àsùbá ọjọ́ kejì.

Ìbéèrè ọmọ náà ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn wa. Gbogbo wa ni yóò dáhùn rẹ̀, bí a ti ṣe sí àwọn tí ó kù. Kí Ọlọ́hun dẹ ará fún àwọn tí ó ń gba ẹ̀mí là, kí Ó foríji àwọn tí ó ti kú lẹ́nu iṣẹ́, kí Ó má sì fi wá sí ọwọ́ ẹni tí oorun ń kùn. Àmín.